Mùstàfá Báfù àti Sípíkà Alásàlátù

Iṣẹ́ télọ̀ ni Mùstàfá kọ́. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ sípíkà.

Àbíjàn ló wà, ní Àjàmé, nígbà tí sípíkà tó fi ń gbọ́ wáàsí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jó. Ó gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Sé gàté." Èdè Faransé nìyẹn, pé ó ti bàjẹ́ tán. Mùstàfá gbé e padà sílé. Ó ní ohun tí ọwọ́ bá rán, ọwọ́ lè tú u. Ó mú bíléèdì tó fi ń tú aṣọ, ó là á.

Ohun tó bá nínú rẹ̀ kò jìnnà sí iṣẹ́ télọ̀. Pépà ni wọ́n ká bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo. Aṣọ ni wọ́n fi di ìdí pépà náà mú. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n wé bí òwú ìránṣọ, ìyẹn ni kóìlì. Kóìlì ló jó. Ó ra tuntun, ó yọ ti àtijọ́, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kò fọhùn. Ó tún un tú. Ó bà á jẹ́ títí, ó tún un ṣe títí, àfi ìgbà tó fọhùn. Gbogbo ará ilé tí wọ́n jọ ń gbé ló jáde wá wò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Músíe Báfù, torí báfù ni wọ́n ń pe sípíkà níbẹ̀, wọ́n sì ń pe ọ̀gbẹ́ni ní músíe.

Nígbà tó ń padà bọ̀ sí Ẹ̀jìgbò, ó kó báfù bọ̀, orúkọ náà sì bá a wá. Ràfíátù ìyàwó rẹ̀ lọ pàdé rẹ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì Àbíjàn ti ń já èrò. Ọmọ tó fà lọ́wọ́ ti ń rìn. Àbídèmí ni wọ́n sọ ọmọ náà, bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí bàbá wà lájò. Ọmọ náà ń wo ọkùnrin tó gbé ẹrù lórí yìí, kò mọ̀ ọ́n.

"Bàbá rẹ nìyí," ni Ràfíátù wí. "Wò ó dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ti gbé báfù lórí ni bàbá rẹ o."

Ọ̀nà Màsífà ló pa àtíbàbà sí. Òun ń tún sípíkà ṣe, Ràfíátù ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti sọ. Bí sípíkà bá jó, wàá fi bíléèdì gé pépà rẹ̀ kúrò. Wàá fi tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, rẹ gọ́ọ̀mù àtijọ́ títí á fi rọ̀. Ihò róbótó kan wà láàárín irin rẹ̀, ibẹ̀ ni kóìlì ń wọ̀. Ihò náà fún. Kóìlì gbọ́dọ̀ dúró sí àárín gbùngbùn, kó má kan irin lọ́tùn-ún, kó má kàn án lósì. Bó bá kàn án pẹ́ẹ́, á máa ha, bí ẹni tó ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Kò ní pẹ́ tí á tún fi jó.

Kí kóìlì tó lè dúró sí àárín, wọ́n á gé nǹkan pẹlẹbẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á kì í bọ àárín òun àti irin. Bí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, wọ́n á fà á yọ. Fíìmù ẹ́síréè ló dára jù fún un. Ó fẹ́lẹ́, ó le, kì í mu omi. Gbogbo ìlú mọ̀ pé Mùstàfá ń lò ó. Ẹni tí egungun rẹ̀ bá ti jinná, á mú fíìmù rẹ̀ wá. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá kú, á mú ti òkú wá, torí kò mọ ibi tí òun ì bá sọ ọ́ sí. Páálí kan wà lábẹ́ tábìlì Mùstàfá. Ẹsẹ̀ àti apá àti àyà àwọn ará Ẹ̀jìgbò ló kún inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n etí Mùstàfá ti ń di. Ẹni tó bá ń ki orí bọ inú sípíkà lójoojúmọ́, etí rẹ̀ ò ní ṣàìdi. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí èèyàn bá sún mọ́ ọn. Ó ń gbọ́ ohùn tó nípọn. Ohùn tín-ín-rín ni kò gbọ́ mọ́, ohùn tín-ín-rín sì ni kóìlì tó ń ha. Ràfíátù ló ń bá a gbọ́ ọ. Bó bá ti tún ọ̀kan ṣe tán, á so ó mọ́ ẹ̀rọ, á fi wáàsí sí i láti inú fóònù, á wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ràfíátù kì í gbé ojú kúrò lára òwú tó ń ká.

"Ó ń ha, Bàbá Bídèmí."

"Ó ń ha?"

"Mo ní ó ń ha. Ẹ tú u."

Oníbàárà lè dúró síbẹ̀, ó lè ti na ọwọ́ láti gbé e, Ràfíátù á sọ ọ́. Mọ́rúfù tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn a máa bá a jà.

"Ìyá Bídèmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín rí nǹkan jẹ."

"Mọ́rúfù, afẹ́fẹ́ ni ìwọ ń tà. Kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ bóyá ó ń ha."

Inú á bí Mùstàfá. Á kùn. Á tú u. Kò sí ìgbà tí Ràfíátù sọ pé ó ń ha, tó tú u, tí kò rí ibi tó ti ń kan irin.

Àwọn obìnrin àsàlátù àdúgbò wọn ní sípíkà kan. Ọ̀kan nínú èyí tí Mùstàfá kó ti Àbíjàn bọ̀ ni. Ràfíátù ni olórí orin wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òun ló ń dá orin, àwọn tó kù á gbè é. Mùstàfá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé, á máa gbọ́ ọ láti ọ̀kánkán. Ohùn Ràfíátù nípọn. Ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbà tó yá, Ràfíátù ò lè kọ orin kan parí kó má jókòó mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Wọ́n lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo, wọ́n ya ẹ́síréè. Dókítà gbé fíìmù náà sójú iná, ó fi bírò tọ́ka sí ọkàn rẹ̀. Ó ní ó ti wú, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wú. Ó kọ oògùn fún wọn. Ó fún wọn ní fíìmù náà pé kí wọ́n máa mú un lọ sílé.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn bọ̀, Mùstàfá fà á yọ, ó gbé e síwájú gíláàsì. Ó ń fi àtàǹpàkò àti ìka wo bó ṣe nípọn sí, bó ṣe ń ṣe sí gbogbo fíìmù. Ràfíátù ń wò ó.

"Bàbá Bídèmí, ẹ má gé mi o."

"Ta ló fẹ́ gé ọ?"

"Mo mọ̀ yín. Ojú tí ẹ fi ń wò ó yẹn, ojú sísọ́ọ̀sì ni. Mi ò fẹ́ kí ẹ fi ìhà mi to sípíkà tí wọ́n á lọ máa fi gbé orin ìranù kiri Isundunrin."

Èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dẹ́rẹ́bà pàápàá bojú wẹ̀yìn.

"Mi ò ní gé ọ," ni Mùstàfá wí. Òun náà ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ búra."

"Wàláì."

"Ó dáa. Ẹ fi mí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló fi í sí. Ọdún náà ò yí po. Ìgbà tí wọ́n ń wa iṣu tuntun ni Ràfíátù kú. Láàárọ̀ ló kú, wọ́n sin ín lẹ́yìn ìrun àsárì. Wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ mẹ́jọ. Ó wá ku àdúà ogójì.

Mùstàfá padà sídìí iṣẹ́. Kí ni ì bá ṣe? Tábìlì òwú ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Bó bá tún sípíkà ṣe tán, tó so ó mọ́ ẹ̀rọ, á yí ojú sápá ibẹ̀. Ìgbà tó bá yíjú tán ló máa ń rántí. Ọ̀kan nínú èyí tó tún ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀ padà wá, ó ti jó. Ẹni tó ni ín ò bínú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, a mọ bó ṣe rí." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Mùstàfá ju èébú lọ.

Nígbà tí àdúà ogójì ku dẹ̀dẹ̀, sípíkà àsàlátù jó. Wọ́n gbé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ẹnìkan so ó mọ́ ẹ̀rọ tó lágbára jù ú lọ. Ó ké gbàà, ó rùn, ó dákẹ́. Fàsílátù, obìnrin tó gba ipò Ràfíátù nídìí orin, ló gbé e wá.

"Bàbá Bídèmí, ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́. A ó yá òmíràn lọ́jọ́ àdúà."

"Ẹ ò ní yá nǹkan kan."

"Ọjọ́ ti sún mọ́lé, sà."

"Fàsílátù, inú èyí ni ohùn rẹ̀ ń gbà jáde. Èyí ni ẹ ó fi kọ orin fún un. Èmi ni n ó tún un ṣe."

Fàsílátù fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú, ó lọ.

Kò sí ohun mìíràn tí Mùstàfá fẹ́. Kí sípíkà yẹn fọhùn lọ́jọ́ àdúà, kó má ha. Bó bá ha, Ràfíátù ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó là á. Kóìlì jó di dúdú. Ó fi tínà rẹ ìdí pépà, ó yọ ọ́. Ó fi sẹ́lótéèpù lẹ eruku irin jáde nínú ihò. Kóìlì kan tó bá a mu wà nílé. Ó wá na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì. Páálí ti ṣófo.

Ó ti pẹ́ tí páálí náà ti ń lọ sílẹ̀, kò kà á sí. Àwọn èèyàn ò mú fíìmù wá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Inú fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ń gba ẹ́síréè sí báyìí. Wọ́n á nawọ́ fóònù sí ọ, wọ́n á ní, "Wo egungun mi." Wàá wò ó, kò sí ohun tí wàá gé níbẹ̀.

Ó gé ike omi. Ó nípọn jù, kò wọ̀. Ó gé pépà kàlẹ́ńdà. Ó wọ̀, ṣùgbọ́n ó mu gọ́ọ̀mù, ó lẹ̀ mọ́ kóìlì, nígbà tó fà á, ó já síbẹ̀. Ó tún fi tínà rẹ gbogbo rẹ̀, ó tú u. Kóìlì náà ò lè gba irú ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má tú.

Mọ́rúfù ti ń wò ó láti ìdí táyà rẹ̀. "Bàbá, ẹ gun ọ̀kadà mi. Bàbá kan wà ní ìlú Ara tó kán lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́sí. Wọn ò ní ṣàì ní fíìmù."

Wọ́n lọ. Fíìmù wà lóòótọ́. Wọ́n ti fi dí fèrèsé ilé ìdáná tó fọ́. Oòrùn ti jẹ ẹ́ níta, èéfín ti jẹ ẹ́ nínú. Mùstàfá fi ìka kàn án, ó fọ́ bí ewé gbígbẹ. Bàbá onílé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Bí mo bá mọ̀ pé wọ́n ń wá a ni, ǹ bá ti kán ẹsẹ̀ kejì mọ́ ọn."

Mọ́rúfù rẹ́rìn-ín. Mùstàfá ò rẹ́rìn-ín.

Àbídèmí ti wá láti ilé ọkọ rẹ̀ nítorí àdúà náà, òun àti ọmọ rẹ̀. Ó gbé omi fún bàbá rẹ̀ nígbà tó ti Ara dé. Ó dúró tì í.

"Bàámi, fíìmù Màámi wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Fíìmù lásán ni. Nítorí tiwọn náà lẹ ṣe fẹ́ lò ó."

"Mo búra."

"Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbà yẹn, Bàámi. Gbogbo ọkọ̀ ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi. Wọn ò ní bínú."

Mùstàfá wọlé, ó mú un jáde. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e sójú oòrùn. Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó rò ó pé etí fíìmù náà nìkan ni òun máa gé, ibi tó dúdú, tí kò sí egungun. Ṣùgbọ́n etí náà ni orúkọ Ràfíátù wà, pẹ̀lú lẹ́tà funfun. Ó yí i sí apá kejì. Egungun èjìká wà níbẹ̀. Ibì kan wú lára rẹ̀, kò jinná dọ́gba. Mùstàfá mọ ibẹ̀. Òun ló gbé e ṣubú. Sípíkà ńlá méjì ni wọ́n ń gbé lọ sí Ara lórí ọ̀kadà, Mùstàfá ló wà á, sípíkà wà láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀. Ràfíátù fi apá méjèèjì gbá wọn mọ́ra kí wọ́n má baà já bọ́. Kò ku ọwọ́ tó lè fi di ara rẹ̀ mú. Nígbà tó balẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé wọn ò fọ́?"

Mùstàfá gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó dá fíìmù padà sínú àpò rẹ̀, ó lọ fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kí lẹ máa wá lò?" ni Àbídèmí bi í.

"Ohun tó bá wà."

Ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìwé ọmọ Àbídèmí ló wà. Ó rọ̀. Ó ṣẹ́ ẹ po méjì, ó gé e, ó kì í. Ó to kóìlì, ó lẹ pépà, ó gbé e sínú ilé kó gbẹ. Nígbà tó gbẹ, ó fa ọ̀rá yọ. Ó fi ìka ọwọ́ méjèèjì tẹ pépà náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó jẹ́ kó gòkè. Níbì kan, ó dà bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò dá a lójú. Ìka rẹ̀ náà ti darúgbó.

Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ, ó fi wáàsí sí i. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀.

Àbídèmí wo sípíkà. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí gọ́ọ̀mù gbẹ mọ́.

"Ó dára, Bàámi. Kò ha."

"Kò ha?"

"Kò ha rárá."

Mùstàfá pe Mọ́rúfù. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà lójú ọ̀nà yẹn, Mọ́rúfù ò tíì yin iṣẹ́ rẹ̀ rí láìfi ẹ̀fẹ̀ kún un. Ó tẹ́tí.

"Bàbá, ó dùn bí oyin," ó ní. Ó sì yára padà sídìí táyà rẹ̀.

Ó yẹ kí Mùstàfá ti mọ̀ níbẹ̀. Bóyá ó mọ̀. Kò tú u.

Lọ́jọ́ àdúà, wọ́n ta tapólì síwájú ilé. Àwọn ààfáà jókòó sápá kan pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, àwọn obìnrin àsàlátù wà lápá kejì. Àwọn ààfáà kéwú, wọ́n ṣe wáàsí, wọ́n ṣe àdúà fún òkú. Lẹ́yìn náà ni Fàsílátù gba máìkì. Orin tí Ràfíátù fẹ́ràn jù ló dá.

Mùstàfá gbọ́ ohùn Fàsílátù. Ohun tí òun ò lè gbọ́ ló ń wá, ojú àwọn èèyàn ló sì ti ń wá a. Ó rí ààfáà kan tó yẹ orí sẹ́yìn. Ó rí ọmọ Àbídèmí tó fi ọwọ́ dí etí, ìyá rẹ̀ sì yára gbá ọwọ́ náà kúrò. Ó rí àna wọn kan tó ti Àbíjàn dé nítorí ọjọ́ náà, ó nawọ́ sí sípíkà, ó ń béèrè nǹkan. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà, ó fi ojú tọ́ka sí Mùstàfá. Ọkùnrin náà ká ọwọ́ kò, ó wo ilẹ̀.

Mùstàfá dìde. Ó gba àárín èrò kọjá. Ó kúnlẹ̀ níwájú sípíkà, ó gbé ìka lé àárín pépà rẹ̀ bó ṣe ń dún lọ́wọ́. Iyanrìn wà níbẹ̀. Kì í ṣe ojú kan mọ́, gbogbo rẹ̀ ni.

Fàsílátù dá orin dúró.

"Bàbá Bídèmí, ẹ dìde nílẹ̀. Kí lẹ̀ ń wá? Ó ń dún dáadáa."

"Ó ń ha."

"Kò ha, sà. Ẹ bi wọ́n."

"N ò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo yín ti dá mi lóhùn. Ó ń ha, Fàsílátù. Ó yẹ kí ẹnìkan sọ ọ́ níbí lónìí."

Mọ́rúfù ń fi ẹsẹ̀ kọ ilẹ̀. Mùstàfá fa wáyà náà yọ.

"Ẹ fi ẹnu kọ ọ́," ó ní. "Kí n tó gbé báfù dé láti Àbíjàn, ẹnu ni òun náà fi ń kọ ọ́."

Wọ́n fi ẹnu kọ ọ́. Mùstàfá padà sáyè rẹ̀. Láti ibẹ̀, kò gbọ́ ju híhùn lọ, bí oyin tó wà nínú igi. Ó ń rí ẹnu wọn tó ń là, tó ń pa dé. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn. Ó tún fà á. Àwọn ọkùnrin ń wò ó, kò wò wọ́n. Ó fà á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ àárín àwọn obìnrin, ibi tí ọkùnrin kì í jókòó sí, ó sì kọ etí ọ̀tún sí wọn. Ohùn tó ń dá orin ló ń gbọ́. Ohùn àwọn tó ń gbè é ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí èrò tú ká, Àbídèmí wá kó àga. Ó bá bàbá rẹ̀ lórí àga níbẹ̀.

"Àbídèmí."

"Bàámi."

"Orin yẹn. Ṣé wọ́n kọ ọ́ dáadáa?"

"Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, Bàámi. Ó dùn."

Mùstàfá wo ojú rẹ̀ pẹ́. Kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.